Láínìn Bíréèkì Ẹ̀yìn: Gọ́ọ̀mù, Rífẹ́ẹ̀tì, Tàbí Odindi Ṣúù Tuntun?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wa ọkọ̀ láàárín Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde lójoojúmọ́ yóò gbọ́ ohùn yìí, bó pẹ́ bó yá: a tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha bí ẹni tí ń fi ọ̀bẹ họ ìdí ìkòkò. Láínìn, ìyẹn ìpele tí ó ń gbá mọ́ dúrọ́ọ̀mù kí ọkọ̀ lè dúró, ló ti jẹ tán, tí irin ṣúù tí ó gbé e ń kan irin dúrọ́ọ̀mù, irin roboto tí ń yí pẹ̀lú táyà. Nígbà tí mẹkáníìkì bá tú táyà, tí ó fa dúrọ́ọ̀mù yọ, tí ó sì kó ṣúù ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ níwájú yín, ọ̀nà mẹ́ta ni yóò là sílẹ̀. Ó lè ní kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ láínìn tuntun mọ́ irin àtijọ́. Ó lè ní kí wọ́n fi rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó kékeré tí a ń pa ìdí rẹ̀ rẹ́, kàn án. Ó sì lè ní kí ẹ pa irin àtijọ́ tì, kí ẹ ra odindi ṣúù tuntun. Mo ti gba ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lórí Corolla tí mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́ àti lórí bọ́ọ̀sì Hiace tí ó ń ná ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó sí Ìbàdàn, mo sì ti fi owó kọ́gbọ́n nínú wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni pé kì í ṣe láínìn ni a kọ́kọ́ ń yàn. Irin tí a fẹ́ gbé e lé, ìwúwo ọkọ̀, àti ọ̀nà tí ọkọ̀ náà ń rìn ni ó ń yàn án fún wa.

Irin ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Irin ṣúù tẹ̀ bí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ó sì ní egungun irin kan lábẹ́ tí ó ń mú un dúró kí ó má baà wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó tẹ̀ yẹn ni láínìn ń gbé. Bí a bá tẹ bíréèkì, sílíńdà kékeré tí ó wà nínú ẹsẹ̀ náà á ti ṣúù méjèèjì síta, láínìn á gbá mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù tí ń yí, eré ọkọ̀ á sì rọlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, bí dúrọ́ọ̀mù ṣe ń yí máa ń fa ọ̀kan nínú ṣúù méjèèjì mọ́ra sí i, èyí ni ó sì fà á tí ọ̀kan fi sábà máa ń jẹ ju èkejì rẹ̀ lọ. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá jẹ ju ẹsẹ̀ òsì lọ púpọ̀, ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí sílíńdà kan ti há, kí sípíríǹgì kan ti rọ, tàbí kí wáyà háńdì bíréèkì máa fa apá kan ju apá kejì lọ.

Ní Ṣágámù, bàbá àgbàlagbà kan wà tí ó ti ń kan láínìn ọkọ̀ akẹ́rù láti ìgbà tí mo wà ní ọmọdé. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ṣúù bọ́ọ̀sì mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo bi í léèrè iye tí láínìn jẹ́, kò sì dá mi lóhùn. Ó mú ṣúù kan, ó fi ihò tí sípíríǹgì ń gbà kọ́ ọ sórí ìka rẹ̀, ó wá fi òòlù kékeré kan irin náà jẹ́jẹ́. Ó dún *gbáń* bí agogo. Ó mú èkejì, ó ṣe bákan náà, ìyẹn sì dún *kpà* bí igbá tí ó ti sán. Ó yí i padà, ó fi èékánná tọ ibi tí wọ́n ti jó egungun irin náà mọ́ ẹ̀yìn ṣúù, mo sì rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ipata ti wọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, bí mo bá fi láínìn ojúlówó sórí èyí, o kàn ń wọ agbádá fún ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣẹ́ ni." Ó dá ọ̀kan náà padà fún mi, ó sì gba mẹ́ta.

Ohun tí ó kọ́ mi lọ́jọ́ náà ni mo ṣì ń tẹ̀ lé. Ẹ kó ṣúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí pákó títẹ́jú, kí ẹ wò bóyá ọ̀kan wọ́. Ẹ wo orí wọn níbi tí sílíńdà ti ń tì wọ́n, bóyá ó ti jẹ wọnú. Bí ó bá jẹ́ irin tí wọ́n ti kàn ní rífẹ́ẹ̀tì rí, ẹ wo ihò rẹ̀: ihò tí ó bá ti gùn bí ẹyin kò lè di rífẹ́ẹ̀tì mú mọ́. Bí irin bá yege nínú gbogbo èyí, pàápàá irin tí ó bá ọkọ̀ dé láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, mo lè sọ láìfòyà pé ó sàn ju ọ̀pọ̀ ṣúù tuntun tí ẹ óò rà lọ́jà lọ, nítorí pé ayédèrú máa ń fúyẹ́, irin rẹ̀ sì máa ń fẹ́lẹ́. Ẹ gbé méjèèjì lé àtẹ́lẹwọ́, ẹ óò mọ̀ ọ́n.

Gọ́ọ̀mù

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iṣẹ́ gọ́ọ̀mù rere àti iṣẹ́ gọ́ọ̀mù ẹ̀tàn pọ̀ débi pé ó yẹ kí a fún wọn ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Iṣẹ́ rere bẹ̀rẹ̀ láti inú fífọ irin náà mọ́ títí tí yóò fi máa dán, láìku ipata tàbí òróró kankan sí i lára. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù tí a ṣe fún bíréèkì pa irin àti ẹ̀yìn láínìn, wọ́n á jẹ́ kí ó gbẹ, wọ́n á fi bẹ́líìtì irin dì wọ́n mọ́ra gbọin-gbọin, wọ́n á sì kó wọn sínú ààrò oníná tí ooru rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ìwọ̀n Celsius 180 àti 200, kí ooru náà lè wọ irin dé inú kí gọ́ọ̀mù sì le. Gọ́ọ̀mù yìí kì í gbẹ bí ti bàtà; ooru ni ó ń sè é. Oníṣẹ́ tí kò bá ní ààrò, tí ó ń fi gọ́ọ̀mù bàtà lẹ láínìn tí ó wá ń sá a sí oòrùn, kò ṣe iṣẹ́ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí rárá, bí owó tí ó gbà tilẹ̀ kéré.

Àǹfààní gọ́ọ̀mù pọ̀ fún ọkọ̀ kékeré. Kò sí ihò nínú láínìn, nítorí náà gbogbo ojú rẹ̀ ni ó ń kan dúrọ́ọ̀mù, ìyẹ̀fun kò ríbi sá pamọ́ sí, ariwo rẹ̀ sì máa ń kéré. Èyí tí ó tóbi jù ni pé a lè lo láínìn náà jìnnà kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Láínìn ẹ̀yìn Corolla àtijọ́, tí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 200 ní ìbú inú, nípọn tó mìlímítà 4 nígbà tí ó wà ní tuntun, a sì lè lò ó títí tí yóò fi ku mìlímítà 1. Mìlímítà 3 odindi ni a jẹ nínú 4.

Àléébù rẹ̀ ni pé ojú kò lè rí ohun tí gọ́ọ̀mù ṣe lábẹ́. Ẹ kò ní mọ̀ bóyá ó mú tàbí kò mú, àfi ọjọ́ tí ó bá já. Ní ìgbà òjò ọdún kan, mo gbé Corolla mi fún oníṣẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà kan, ó sì dá a padà fún mi kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn náà, òjò rọ̀ mọ́jú, mo sì ti fa háńdì bíréèkì sókè láti alẹ́ àná. Nígbà tí mo fẹ́ gbéra láàárọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì kọ̀ jálẹ̀. Mo fún ẹ́ńjìnnì ní agbára díẹ̀ sí i, nǹkan dún *gbàá*, ọkọ̀ náà rìn bí ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ẹsẹ̀ náà sì há pátápátá. Nígbà tí a yọ dúrọ́ọ̀mù, odindi láínìn ti ṣí kúrò lára irin bí èèpo iṣu, ó ti ká mọ́ àárín ṣúù àti dúrọ́ọ̀mù. Lábẹ́ rẹ̀, irin pupa pẹ̀lú ipata. Ẹni náà kò fọ̀ ọ́ rárá kí ó tó fi gọ́ọ̀mù pa á. Ẹ fojú inú wo bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ lórí eré ọgọ́rùn-ún kìlómítà.

Nítorí náà, mo ní ìkìlọ̀ kan fún àwọn ènìyàn wa tí ń wa ọkọ̀ ní agbègbè Ìjẹ̀bú tí omi pọ̀ sí, láti Ìbíadé títí dé Ìwòpin. Ipata ni ọ̀tá gọ́ọ̀mù. Ó máa ń rá pálá wọ abẹ́ láínìn láti etí, a sì gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ń sùn ní gbangba, tí ó ń la omi kọjá, ẹ má fa háńdì bíréèkì sílẹ̀ mọ́jú lẹ́yìn òjò bí ilẹ̀ bá tẹ́jú. Ẹ fi ọkọ̀ sí jíà, kí ẹ sì fi òkúta tì í.

Rífẹ́ẹ̀tì

Rífẹ́ẹ̀tì kò ní àṣírí. Wọ́n á gbé láínìn tí ó ti ní ihò lé irin, wọ́n á ti rífẹ́ẹ̀tì oníbàbà tàbí onídẹ tí inú rẹ̀ ṣófo bọ inú ihò, wọ́n á sì pa ìdí rẹ̀ rẹ́ kí ó fi dì í mú. Àárín ni oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa lọ sí ìpẹ̀kun méjèèjì, kí láínìn lè tẹ́ mọ́ irin. Ẹni tí ó bá ti ìpẹ̀kun méjèèjì bẹ̀rẹ̀ yóò há afẹ́fẹ́ mọ́ àárín, láínìn náà yóò sì wú bí ilẹ̀kùn tí òjò pa. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ mú bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gbìyànjú láti ti etí rẹ̀ bọ àárín láínìn àti irin. Bí bébà bá wọlé níbikíbi, ẹ dá a padà fún un.

Ohun tí a kàn ní rífẹ́ẹ̀tì kì í bẹ̀rù ooru bíi gọ́ọ̀mù. Bí láínìn bá tilẹ̀ sán, rífẹ́ẹ̀tì tí ó yí i ká ṣì máa ń di èyí tí ó kù mú, kì í sì í ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò nílò ààrò, kò nílò iná mànàmáná, èyí tí a mọ̀ bí ó ti rí lọ́dọ̀ wa, ojú àti ọwọ́ yín sì lè yẹ iṣẹ́ náà wò kí ẹ tó sanwó.

Ohun tí ẹ fi ń san án ni ìnípọn. Orí rífẹ́ẹ̀tì wà nínú láínìn, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí láínìn jẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé láínìn nípọn tó mìlímítà 5, tí orí rífẹ́ẹ̀tì sì ga ní mìlímítà 2 sí irin. Bí a bá fi nǹkan bíi mìlímítà 1 sílẹ̀ lórí rífẹ́ẹ̀tì fún ààbò, mìlímítà 2 péré ni a jẹ nínú 5. Ẹ fi wé gọ́ọ̀mù tí ó jẹ 3 nínú 4. Ẹni tí ó bá sì gbàgbé, tí ó ń wà á lọ, yóò fi rífẹ́ẹ̀tì fa ìlà sínú dúrọ́ọ̀mù. Mo ti rí dúrọ́ọ̀mù bọ́ọ̀sì kan tí ìlà mẹ́ta wà nínú rẹ̀ tí ó jìn tó ibi tí èékánná á ti wọlé, bí ilà ojú. Kò sí láínìn tuntun kan tí yóò jókòó dáadáa lórí irú rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bá gbé dúrọ́ọ̀mù náà lọ sórí ẹ̀rọ kí wọ́n fá inú rẹ̀.

Lórí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, ìṣirò yìí yí padà pátápátá. Láínìn tírélà lè nípọn tó bíi mìlímítà 18, wọ́n sì sábà máa ń gé e sí méjì lórí ṣúù kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ohun tí orí rífẹ́ẹ̀tì gbà nínú rẹ̀ kéré sí ohun tí ó kù láti lò. Èyí ni ìdí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tọ́jú ọkọ̀ akẹ́rù ní Ògèrè àti ní Ṣágámù fi ń lo rífẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ọ̀nà tuntun.

Odindi ṣúù tuntun, àti tòkunbọ̀

Fún ọkọ̀ tí ó pọ̀ lójú títì, Corolla àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣúù tuntun ni ó yá jù. Ẹ lè rí i rà ní Ìjẹ̀bú-Òde láàárọ̀, kí ọkọ̀ sì padà sójú ọ̀nà kí ó tó di ọ̀sán, nígbà tí iṣẹ́ gọ́ọ̀mù tí a fi ààrò ṣe lè gba ọjọ́ kan tàbí méjì. Nínú ìrírí tèmi, láínìn tuntun lórí irin àtijọ́ máa ń dínwó ju odindi ṣúù lọ, ṣùgbọ́n lórí ọkọ̀ kékeré ìyàtọ̀ náà kì í pọ̀, bí ẹ bá sì ka owó ọ̀kadà ọjọ́ méjì mọ́ ọn, ó lè má sí mọ́.

Ìṣòro ṣúù tuntun méjì ni. Ọ̀kan ni ayédèrú tí mo ti sọ. Ìkejì kì í sábà hàn sí ẹni tí ó rà á: ṣúù tuntun wá pẹ̀lú ìnípọn kan ṣoṣo, èyí tí a ṣe fún dúrọ́ọ̀mù tí ó ṣì wà ní ìwọ̀n rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fá dúrọ́ọ̀mù yín, tí inú rẹ̀ ti fẹ̀ sí i, ìtẹ̀ ṣúù tuntun náà kò ní bá ìtẹ̀ dúrọ́ọ̀mù mu mọ́. Àárín láínìn nìkan ni yóò máa kàn án, bíréèkì yóò sì rọ títí láínìn yóò fi jẹ bára mu. Ẹni tí ń lẹ láínìn tàbí tí ń kàn án lè fi èyí tí ó nípọn díẹ̀ sí i, kí ó sì lọ ojú rẹ̀ bá dúrọ́ọ̀mù yẹn gan-an mu. Fún ọkọ̀ àtijọ́ tí ṣúù rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n, bíi Peugeot 504 tí àwọn bàbá wa ṣì ń tọ́jú, kò tilẹ̀ sí ìfiwéra: láínìn lórí irin àtijọ́ ni.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Irin rẹ̀ lè dára púpọ̀, mo sì máa ń rà á nítorí irin. Ṣùgbọ́n láínìn tí ó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ti dúrọ́ọ̀mù ẹlòmíràn, a kò mọ òróró tí ó ti mu, nítorí náà ẹ yọ ọ́ dànù.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ọkọ̀ kékeré tí ń rìn nínú ìlú, láti ilé sí ọjà Òkè-Ajé, láti Ìkẹ́nnẹ́ sí Ìlíṣàn, kì í lo bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ le. Nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, ìwúwo ọkọ̀ máa ń rọ́ síwájú, bíréèkì iwájú ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, gọ́ọ̀mù tí a fi ààrò sè lórí irin rere ni mo fi ṣe àkọ́kọ́; ṣúù tuntun ojúlówó tẹ̀ lé e, bí ẹ kò bá ní àkókò. N kò ní kí ẹ kan rífẹ́ẹ̀tì sí i. Láínìn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù.

Bọ́ọ̀sì akérò tí ó kún fọ́fọ́, tí ẹrù tún wà lẹ́yìn, yàtọ̀, pàápàá lórí òpópónà márosẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ohun tí bíréèkì ní láti pa di ìlọ́po mẹ́rin: ọkọ̀ tí ó ń sáré ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan yóò da ooru ìlọ́po mẹ́rin sára bíréèkì rẹ̀ ju ìgbà tí ó ń sáré àádọ́ta lọ kí ó tó dúró. Awakọ̀ tí ó ń lé èrò láti Ọ̀rẹ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí ń já fún kòtò lójijì, ń sè láínìn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ibí ni mo ti pinnu lórí rífẹ́ẹ̀tì fún Hiace mi, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé n óò máa pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá. Ẹni tí ó bá ní oníṣẹ́ ààrò tí ó dá lójú lè lo gọ́ọ̀mù sí i, n kò ní bá a jà. Típà, ọkọ̀ gẹdú àti tírélà kò ní àríyànjiyàn: rífẹ́ẹ̀tì ni.

Lẹ́tà méjì tí ó wà ní etí láínìn

Ẹ yí láínìn tí wọ́n fẹ́ tà fún yín padà, ẹ wo etí rẹ̀. Lórí èyí tí ó bá ti ilé iṣẹ́ tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe wá, ẹ óò sábà rí àwọn nọ́ńbà tí lẹ́tà méjì tẹ̀ lé, bíi FE, FF tàbí GG. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bí láínìn ṣe ń di dúrọ́ọ̀mù mú nígbà tí kò tíì gbóná púpọ̀. Ìkejì ń sọ bí ó ṣe ń dì í mú nígbà tí ó bá gbóná gan-an. Lórí ìwọ̀n agbára dídì mú yìí, E dúró fún 0.25 sí 0.35, F fún 0.35 sí 0.45, G fún 0.45 sí 0.55. Èyí túmọ̀ sí pé láínìn FE yóò dẹ̀ bí ó bá gbóná, FF yóò dúró bí ó ti wà, GG yóò sì mú gan-an. Mímú jù kì í ṣe ohun rere lẹ́yìn ọkọ̀ kékeré, nítorí táyà ẹ̀yìn lè tètè há lórí ọ̀nà tí ó tutù, kí ìdí ọkọ̀ sì yọ̀. FF ni mo ń wá. Lẹ́tà yìí kò sọ iye ọjọ́ tí láínìn yóò lò, ẹ má ṣe jẹ́ kí oníṣòwò fi tàn yín.

Ẹ bèèrè bákan náà bóyá asbestos wà nínú rẹ̀, ohun kan náà tí wọ́n fi ṣe àjà ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé gbogbo oríṣi rẹ̀ ni ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, àrùn náà sì lè pẹ́ ní ogún, ọgbọ̀n ọdún kí ó tó yọjú. Ilẹ̀ Yúróòpù ti lé e kúrò lọ́jà wọn pátápátá láti 2005, Amẹ́ríkà sì ṣe òfin tirẹ̀ lé e lórí ní 2024, tí ó ka láínìn bíréèkì mọ́ ọn. Nítorí pé ojú lásán kò lè dá a mọ̀, ẹ ṣe gbogbo ìyẹ̀fun dúrọ́ọ̀mù bí ẹni pé ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo sì ń rí ní ọ̀pọ̀ ọgbà mẹkáníìkì ni pé wọ́n á gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, wọ́n á fẹ́ ẹ *fúú* sójú ọmọ iṣẹ́ tí kò ju ọdún mẹ́rìnlá lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi àkísà tútù nù ún. Bí mẹkáníìkì bá bínú, kí ó bínú.

Kí wọ́n tó de táyà padà

Ọ̀nà yòówù tí ẹ bá mú, ìdánwò ṣọ́ọ̀kì ni kí ẹ má ṣe gbójú fò. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun kun inú dúrọ́ọ̀mù yí po, ẹ gbé ṣúù sínú rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì mì í díẹ̀ síwá sẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá gbé e jáde, ibi tí ó funfun lára láínìn ni ibi tí ó ń kan dúrọ́ọ̀mù. Bí ó bá funfun láti àárín lọ sí ọ̀pọ̀ ibi ara rẹ̀, ó ti dára. Bí ìpẹ̀kun méjèèjì nìkan bá funfun, bíréèkì yẹn yóò máa hó, yóò sì máa gbá mú lójijì. Kí wọ́n lọ ìpẹ̀kun rẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún un dán wò. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, n kò sì tíì rí mẹkáníìkì kan tí ó ṣe é láìjẹ́ pé mo ní kí ó ṣe é, àyàfi bàbá Ṣágámù yẹn.

Ẹ wọn inú dúrọ́ọ̀mù. Ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá máa ń wà lára rẹ̀ fúnra rẹ̀. Fún dúrọ́ọ̀mù mìlímítà 200 ti Corolla, 201 ni òpin. Èyí tí ó bá ti kọjá òpin, ẹ má ṣe fá a mọ́, ẹ jù ú nù. Ẹ ṣí rọ́bà etí sílíńdà kékeré náà díẹ̀: bí ọ́ìlì bíréèkì bá ti ń sun níbẹ̀, tàbí tí síìlì ẹ̀yìn, rọ́bà tí ó ń dá ọ́ìlì dúró, ń jò, láínìn tuntun tí ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ yóò mu òróró kí oṣù tó parí. Láínìn tí ó bá ti mu òróró kò ṣeé fi pẹtiróòlù fọ̀, bí àwọn kan ti máa ń ṣe. Yóò gbẹ lójú, òróró inú rẹ̀ yóò sì tún sun jáde nígbà tí ó bá gbóná. Ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì ni kí wọ́n sì pààrọ̀ pọ̀, pẹ̀lú láínìn kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ yóò máa fà sí apá kan.

Nígbà tí wọ́n bá ti dè é tán, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àtúnṣe ṣúù títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dúrọ́ọ̀mù, kí wọ́n tó fọwọ́ kan wáyà háńdì bíréèkì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọkọ̀ jáde ní òwúrọ̀ kùtù sí ọ̀nà tí ó dá, kí ẹ sáré dé nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà ní wákàtí, kí ẹ tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́ títí eré yóò fi rọ̀ dé bíi mẹ́wàá, láìjẹ́ kí táyà há, kí ẹ tún sáré. Ẹ ṣe é ní bíi ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ máa fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn fún un láti tutù. Òórùn jíjó díẹ̀ lè jáde ní àkọ́kọ́, kò burú. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ sún ẹ̀yìn ọwọ́ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì láìfọwọ́ kàn án: bí ooru ọ̀kan bá ju ti èkejì lọ púpọ̀, ẹ wakọ̀ padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ́jọ́ náà gan-an.